Ta Ló Gé Páàsìwọ́ọ̀dù Náà?

Ìṣòro kan wà tó máa ń rú àwọn tó ń lo fóònù lójú. Èèyàn ṣí àkáǹtì tuntun lórí ìkànnì kan láàárọ̀. Fóònù fúnra rẹ̀ dábàá páàsìwọ́ọ̀dù kan tó gùn, tó sì díjú, ó bá a tọ́jú rẹ̀, ìkànnì náà sì gbà á láìjanpata. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù kan náà gbé páàsìwọ́ọ̀dù kan náà síbẹ̀, ìkànnì ní kò tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó yí i padà. Kò sẹ́ni tó ṣì í tẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rárá: ẹ̀rọ ló dá a, ẹ̀rọ ló tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rọ náà ló tún gbé e kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìwó, tí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ máa parí lóru ọjọ́ náà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ti jí àkáǹtì òun.

Lọ́pọ̀ ìgbà, olè kankan ò sí níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìkànnì náà ní iye lẹ́tà tó lè gbà, páàsìwọ́ọ̀dù tí fóònù dá sì gùn ju iye náà lọ. Dípò kí ìkànnì sọ pé "ó ti gùn jù", ó gé ìrù rẹ̀ dànù, ó sì dákẹ́. Láti ìgbà náà lọ, ohun tó wà lọ́wọ́ fóònù àti ohun tó wà lọ́wọ́ ìkànnì kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Kí ìkànnì fi ààlà sí gígùn páàsìwọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; nígbà mìíràn, ó nídìí gidi. Kí wọ́n gé e láì sọ fún ẹni tó ni ín ni ẹ̀ṣẹ̀, òun ló sì ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ta.

Ohun tí ìkànnì ń tọ́jú

Kí ọ̀rọ̀ ààlà yìí tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ ohun tí ìkànnì ń fi páàsìwọ́ọ̀dù ṣe lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ lo páàsìwọ́ọ̀dù wà ní MIT ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Fernando Corbató àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní CTSS, tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò, kí kálukú sì ní páàsìwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Inú fáìlì kan ni kọ̀ǹpútà náà kó gbogbo páàsìwọ́ọ̀dù náà sí, bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Allan Scherr ń wá àkókò sí i lórí ẹ̀rọ náà. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì náà jáde fún òun, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́. Bí àṣírí gbogbo ilé ṣe dọ́wọ́ ẹnì kan nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ rí kọ́ ni pé kò yẹ kí kọ̀ǹpútà tọ́jú páàsìwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ rárá. Ní 1979, Robert Morris àti Ken Thompson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan bí ètò Unix ṣe ń ṣe é. Páàsìwọ́ọ̀dù á gba inú ìṣirò kan kọjá, ohun tó bá jáde ni kọ̀ǹpútà máa tọ́jú. Hash ni wọ́n ń pe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lónìí. Ó dà bí iṣu tó ti di ẹ̀lùbọ́: kò sí bí èèyàn ṣe lè dá a padà sí iṣu mọ́. Bí a bá tún fẹ́ wọlé, ìkànnì á mú ohun tí a tẹ̀, á tún ìṣirò kan náà ṣe, á wá fi èsì rẹ̀ wé èyí tó ti tọ́jú. Bí méjèèjì bá bára mu délẹ̀délẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn. Bí àmì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, èsì náà á yàtọ̀ pátápátá, kò sì ní ṣí.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yìí tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Èsì hash kì í gùn sí i nítorí pé páàsìwọ́ọ̀dù gùn. Hash tí wọ́n ń pè ní SHA-256, bí àpẹẹrẹ, máa ń mú àmì 64 jáde, ì báà jẹ́ lẹ́tà 3 ni a kó sínú rẹ̀, ì báà jẹ́ 3,000. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí àyè ìpamọ́ jẹ́ àwíjàre. Bí ìkànnì kan bá ní òun ò lè gba ju lẹ́tà 10 tàbí 12 lọ, ó tọ́ kí ara fu wá díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn ò tíì pààrọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé páàsìwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, bíi ti CTSS ayé ọjọ́un.

Ibi tí ààlà ti ń wá

Orísun àkọ́kọ́ ni ìṣirò àtijọ́. Èyí tí Unix lò nígbà náà kì í wò ju lẹ́tà 8 àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹnì kan bá fi "iwoilumi2024" ṣe páàsìwọ́ọ̀dù, "iwoilumi" nìkan ni ẹ̀rọ rí. Ẹlòmíràn tó bá tẹ "iwoilumiabcd" á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ni ín á máa rò pé nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ń dáàbò bo òun. Ti Windows àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní LAN Manager, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbà ju lẹ́tà 14 lọ, ó ń sọ gbogbo lẹ́tà kékeré di ńlá, á wá là á sí méje-méje, á sì ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ ọ kò nílò láti bá lẹ́tà 14 jà. Méje lẹ́ẹ̀mejì ló máa bá jà, ìyẹn sì rọrùn púpọ̀ ju 14 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Orísun kejì wà nínú ìṣirò tó ṣì gbajúmọ̀ títí dòní. Ní 1999, Niels Provos àti David Mazières gbé bcrypt jáde. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó máa falẹ̀, kí àwọn tó ń dán páàsìwọ́ọ̀dù wò lọ́kọ̀ọ̀kan má baà rí i ṣe kíákíá. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkànnì ló sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n báìtì 72 ni ibi tí bcrypt ń wò mọ. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ni. A máa padà sórí ọ̀rọ̀ báìtì yìí, ìyẹn ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ohun tí a tẹ̀, nítorí ó kan ẹni tó ń kọ Yorùbá ju bó ṣe kan ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Orísun kẹta ni ààlà tí àwọn tó ń ṣètò ìkànnì mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ fún ààbò. Nítorí pé ìṣirò páàsìwọ́ọ̀dù máa ń gba agbára, ẹni ibi lè fi páàsìwọ́ọ̀dù tó gùn bí odindi ìwé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ̀rọ ìkànnì lè máa ṣírò títí tí yóò fi dákú. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí nínú Django, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń fi kọ́ ìkànnì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Àwọn tó ń bójú tó o sáré fi ààlà báìtì 4,096 sí páàsìwọ́ọ̀dù. Irú ààlà báyìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí kò sí ẹ̀dá alààyè tó ń lo páàsìwọ́ọ̀dù tó gùn tóyẹn, wọ́n sì kéde rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ìkànnì tó ń gé nǹkan sí 16 lábẹ́lẹ̀ kò kéré.

Ojú ìforúkọsílẹ̀ àti ojú ìwọlé

Gígé lábẹ́lẹ̀ yìí kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ bó bá jẹ́ pé ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gé e bákan náà. Hotmail ti Microsoft jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní 2012, àwọn kan tí páàsìwọ́ọ̀dù wọn ju lẹ́tà 16 lọ fẹ́ wọlé, ìkànnì sì ní kí wọ́n tẹ 16 àkọ́kọ́ nìkan. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ fi wá mọ̀ pé lẹ́tà 16 náà nìkan ni ẹ̀rọ ti ń wò látẹ̀yìnwá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń tẹ ìyókù lásán, ilẹ̀kùn sì ń ṣí.

Ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú nígbà tí ojú ìforúkọsílẹ̀ bá gé e, tí ojú ìwọlé kò gé e. Ó rọrùn kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ló kọ ojú ìforúkọsílẹ̀, ẹlòmíràn ló kọ ojú ìwọlé, ẹlòmíràn tún ni ilé-iṣẹ́ gbà láti ṣe áàpù orí fóònù. Àpótí tí a ń tẹ páàsìwọ́ọ̀dù sí lè ní àṣẹ nínú pé kó má gbà ju àmì 16 lọ. Bí a bá lẹ ohun tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ọn, á gbé 16, á da ìyókù nù, kò sì ní pariwo. Àwọn tóótòòtó dúdú tó ń bo páàsìwọ́ọ̀dù kì í jẹ́ kí ojú rí i pé nǹkan ti dínkù. Ìkànnì á tọ́jú hash ti lẹ́tà 16; fóònù á tọ́jú gbogbo 20. Ní ọjọ́ ìwọlé, tí àpótí kejì kò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀, gbogbo 20 ló máa lọ, èsì hash á sì yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń lo áàpù atọ́jú-páàsìwọ́ọ̀dù fi ń kó sínú ìṣòro yìí ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó ń fi orí rántí páàsìwọ́ọ̀dù kì í sábà kọjá lẹ́tà 10, kò sì ní kan ààlà. Ṣùgbọ́n iPhone máa ń dá àmì 20 lábàá, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ó fi àmì ìdábùú méjì pín sí mẹ́ta. A lè ní kí Bitwarden dá a tó 128. Àwọn áàpù yìí ń ṣe ohun tó tọ́. Ìkànnì tó wọn nǹkan lọ́nà méjì ló ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé àwọn ló jẹ̀bi.

Àwọn ìdènà kékeré mìíràn tún wà. Ìkànnì kan máa ń kọ àmì bíi & tàbí < sílẹ̀, kò sì ní sọ èyí tó kọ̀ nínú wọn. Òmíràn kì í jẹ́ kéèyàn lẹ páàsìwọ́ọ̀dù mọ́ àpótí, ó ní dandan, kéèyàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àjọ tó ń mójú tó ààbò orí kọ̀ǹpútà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NCSC, ti sọ ọ́ láti 2017 pé ìdènà bẹ́ẹ̀ kò fi ààbò kankan kún nǹkan, ńṣe ló ń ti èèyàn sídìí páàsìwọ́ọ̀dù kúkúrú. Àwọn ìkànnì mìíràn sì máa ń béèrè orúkọ ní ojú kan, wọ́n á béèrè páàsìwọ́ọ̀dù ní ojú kejì, tí áàpù atọ́jú kò fi ní mọ ibi tí yóò kọ kí sí.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí kò yẹ ká bínú sí áàpù náà rárá. Àdírẹ́sì ìkànnì ni áàpù atọ́jú fi ń dá ìkànnì mọ̀, kì í ṣe àwọ̀ tàbí àmì ilé-iṣẹ́ tó wà lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ká wá tún àkáǹtì báǹkì wa ṣe, tí ojú ìwé náà jọ ti báǹkì gan-an, tí áàpù kò sì dá páàsìwọ́ọ̀dù kankan lábàá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé áàpù ti rí ohun tí ojú tiwa kò rí: lẹ́tà kan ti yàtọ̀ nínú àdírẹ́sì náà. Ẹni tó bá fi ipá ṣe ẹ̀dà páàsìwọ́ọ̀dù síbẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún olè ní kọ́kọ́rọ́.

Àmì ohùn náà ń gba àyè

Àwọn onímọ̀ ààbò ti ń gbà wá níyànjú pé ká fi ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan tí kò bára tan ṣe páàsìwọ́ọ̀dù, nítorí pé gígùn ló ń fún un lágbára. Lẹ́tà kékeré mẹ́jọ tí a ṣà láìtò lè jẹ́ oríṣi tó ju bílíọ̀nù 208 lọ. Ó dà bí ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó yára lè dán gbogbo rẹ̀ wò láìpẹ́ bí hash tí ìkànnì lò kò bá le. Bí a bá fi lẹ́tà mẹ́rin péré kún un, iye rẹ̀ di ìlọ́po 456,976. Kí èèyàn wá ronú pé òun á fi Yorùbá tó lámì ohùn ṣe tòun, èrò tó dára ni, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ́ páàsìwọ́ọ̀dù kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àkójọ wọn. Àmọ́ ìṣirò báìtì wà ńbẹ̀.

Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan, báìtì kan ni. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Ìwó, lẹ́tà mẹ́ta ni ojú rí, ṣùgbọ́n báìtì márùn-ún ni kọ̀ǹpútà kà: Ì jẹ́ méjì, w jẹ́ ọ̀kan, ó jẹ́ méjì. Ọ̀ṣun jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin àti báìtì mẹ́wàá, nítorí Ọ̀ nìkan gba márùn-ún, ṣ gba mẹ́ta. Odídẹrẹ́, ẹyẹ tí wọ́n fi ń ki ìlú Ìwó, jẹ́ lẹ́tà méje àti báìtì mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá ń tẹ ẹ́ léraléra máa dé ààlà báìtì 72 ti bcrypt kó tó tẹ ìkẹfà tán. Gbólóhùn Yorùbá gígùn tí a rò pé ó lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ nìkan ni ìkànnì ń wò.

Ìṣòro kejì tún fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ lẹ́tà kan náà ju ẹyọ kan lọ. Kíbọ́ọ̀dù kan lè fi ó ránṣẹ́ bí odindi lẹ́tà tó ti lámì lórí tẹ́lẹ̀. Òmíràn á fi o ránṣẹ́, á wá fi àmì ohùn tẹ̀ lé e lọ́tọ̀. Bí a bá kọ Ìwó lọ́nà kejì yìí, báìtì méje ni yóò jẹ́. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n hash mọ̀ ọ́n, ó sì máa sọ pé kò tọ̀nà. Ètò wà tí ìkànnì lè lò láti sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan kó tó ṣírò hash, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìkànnì ló ń lò ó. Àwọn kan nínú wa sì ṣì ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ lẹ́tà dípò tóótó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé àtijọ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Fún kọ̀ǹpútà, ìlà yẹn àti tóótó kì í ṣe ohun kan náà láéláé. Ètò tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì dọ̀kan kò lè so wọ́n pọ̀. Ẹni tó fi fóònù dá páàsìwọ́ọ̀dù Yorùbá sílẹ̀, tó wá lọ tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní ilé íntánẹ́ẹ̀tì, lè máa tẹ ohun tó tọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kì í ṣe àwa nìkan ni báìtì 72 ń bá fà á. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2024, Okta, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bójú tó ìwọlé òṣìṣẹ́ wọn, kéde àṣìṣe kan. Wọ́n ti kó nọ́ńbà ìdánimọ̀, orúkọ oníṣe àti páàsìwọ́ọ̀dù pọ̀ sínú bcrypt lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orúkọ oníṣe bá tó lẹ́tà 52 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ààlà ti kún kó tó kan páàsìwọ́ọ̀dù. Ní àwọn ìgbà kan, tí ẹni náà bá ti wọlé rí tí ẹ̀rọ sì ti tọ́jú èsì rẹ̀, orúkọ nìkan tó láti wọlé. Láti oṣù keje ni àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀. Gígé lábẹ́lẹ̀ tó ń ti onílé mọ́ta níbì kan, níbòmíràn, àlejò ló ń ṣílẹ̀kùn fún.

Nọ́ńbà mẹ́rin àti ìwé ilé íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹnì kan lè béèrè pé bí gígùn bá ṣe pàtàkì tó báyìí, kí ló dé tí nọ́ńbà mẹ́rin fi tó fún káàdì ATM? John Shepherd-Barron, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbowó rẹ̀ kalẹ̀ ní báǹkì Barclays ní Enfield, nílùú London, lóṣù kẹfà ọdún 1967, sọ pé mẹ́fà lòun kọ́kọ́ rò, kí ìyàwó òun tó ní mẹ́rin lòun lè rántí. Nọ́ńbà mẹ́rin kò jẹ́ ju oríṣi 10,000 lọ. Ohun tó ń gbà á là ni pé olè gbọ́dọ̀ ní káàdì náà lọ́wọ́, bó bá sì ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, báǹkì á ti káàdì pa. Hash tí wọ́n bá jí gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jí i lè jókòó sílé kó máa dán an wò lọ́sàn-án lóru. Ìdí nìyẹn tí PIN káàdì kò fi gbọ́dọ̀ di páàsìwọ́ọ̀dù ímeèlì. Nọ́ńbà fóònù náà kò gbọ́dọ̀ dì í. Òótọ́ ni pé nọ́ńbà 11 ló jẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́rin àkọ́kọ́ bíi 0803 kì í ṣe àṣírí fún ẹnikẹ́ni. Méje tó kù kò ju oríṣi mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, nǹkan kékeré ni lójú ẹ̀rọ. Ká má tíì sọ pé gbogbo ẹni tó bá ti pè wá rí ló ní in lọ́wọ́.

Ká padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni Ìwó jẹ́ lónìí. Yunifásítì Bowen tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti 2002, ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn sì ti kún un. Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà dé ibẹ̀ kún fún ìforúkọsílẹ̀. Yóò fi NIN rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 11 ránṣẹ́ sí 55019 láti gba kóòdù JAMB tó jẹ́ nọ́ńbà 10. Yóò ní ímeèlì. Yóò ṣí àkáǹtì lórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́, òmíràn fún owó ilé-ẹ̀kọ́, òmíràn fún yàrá. Ní ìlú kékeré àti ńlá nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹni tó ni ilé íntánẹ́ẹ̀tì ló bá wọn ṣí ímeèlì náà. Òun ló yan páàsìwọ́ọ̀dù, òun ló kọ ọ́ sínú ìwé, ẹyọ kan náà ló sì ń fún gbogbo oníbàárà. Tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ bá tún béèrè bóyá kí òun tọ́jú páàsìwọ́ọ̀dù, ẹni tó ń kánjú á ní bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí ni àṣírí odindi àdúgbò ṣe ń wà nínú kọ̀ǹpútà kan tí ẹnikẹ́ni lè san owó wákàtí kan fún.

Áàpù atọ́jú lórí fóònù ẹni ló ń wo èyí sàn. Bí ó bá jẹ́ pé ìkànnì tó ń gé páàsìwọ́ọ̀dù lábẹ́lẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ bá pàdé, tí áàpù sì já a kulẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yóò padà sídìí nọ́ńbà fóònù àti ìwé ilé íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí gígé náà ń bà jẹ́ nìyẹn, ó ju ìwọlé ọjọ́ kan lọ.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì, kó jáde kúrò nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì tún wọlé pẹ̀lú ohun tí áàpù tọ́jú, kí ó tó san owó kankan níbẹ̀ tàbí kó kọ ohunkóhun sí i. Bí kò bá ṣí, kó gbé páàsìwọ́ọ̀dù náà wá síbi tó ti lè rí i, kó yọ lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò títí yóò fi ku 20, kó gbìyànjú. Lẹ́yìn náà 16, lẹ́yìn náà 12. Àwọn iye tí wọ́n sábà ń gé e sí nìyẹn. Kó má gbìyànjú títí tí ìkànnì á fi ti àkáǹtì rẹ̀ pa o; bí ìgbà mẹ́ta bá kọjá, kó tẹ "mo ti gbàgbé páàsìwọ́ọ̀dù". Nígbà tó bá máa dá tuntun, kó lọ sínú ètò áàpù atọ́jú rẹ̀, kó ní kó dá lẹ́tà 16 péré, kó sì yọ àwọn àmì tí ìkànnì lè kọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 tí ẹ̀rọ ṣà láìtò ṣì lágbára ju orúkọ ọmọ àti ọdún ìbí lọ fíìfíì.

Páàsìwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló kù tí a gbọ́dọ̀ fi orí mọ̀, èyí tó ń ṣí áàpù atọ́jú náà gan-an. NCSC ní kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára tan ṣe irú rẹ̀. Ẹ lè fi Yorùbá ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ láì fi àmì sí i, kí kíbọ́ọ̀dù má baà dá yín lóró. Ẹ má sì mú un láti inú oríkì ìlú tàbí ti ìdílé: ohun tí gbogbo ìlú lè kà lẹ́nu kì í ṣe àṣírí. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí. Lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín, bó bá ti béèrè bóyá kí òun tọ́jú páàsìwọ́ọ̀dù, rárá ni ìdáhùn.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣe ìkànnì, ìlànà tí wọ́n lè tẹ̀ lé kò sì ṣòro rí. Ní 2003, Bill Burr ti àjọ NIST ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà tí gbogbo ayé tẹ̀ lé: ẹ fi lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì pọ̀ mọ́ra, ẹ sì máa yí i padà lóòrèkóòrè. Ní 2017, ó sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, NIST yí ìlànà náà padà: kí ìkànnì lè gba páàsìwọ́ọ̀dù tó gùn tó àmì 64, ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ kéèyàn lè lẹ páàsìwọ́ọ̀dù mọ́ àpótí, kí wọ́n má fi dandan mú èèyàn yí i padà láìnídìí, kí wọ́n má sì gé e rárá. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2025 tún fi kún un pé bó bá jẹ́ páàsìwọ́ọ̀dù nìkan ló ń ṣọ́ àkáǹtì, kó má dín ní àmì 15.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa náà ti ń gbé iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìkànnì, wọ́n sì sábà máa ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdánwò kan wà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ lè ṣe láìmọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kankan. Kó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn Yorùbá tó tó lẹ́tà 64, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Bí ìkànnì bá ní ó ti gùn jù, kó bi ẹni tó ṣe é pé kí ló dé. Bí ó bá gbà á, kó jáde, kó tún wọlé pẹ̀lú rẹ̀ bó ṣe wà. Ó gbọ́dọ̀ ṣí. Lẹ́yìn náà, kó yọ lẹ́tà ìparí kúrò, kó tún gbìyànjú. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí nígbà yìí náà, kí ẹgbẹ́ má tíì san owó tó kù.